Eyín Tó Di Òkúta: Ilẹ̀ Ni Ẹlẹ́rìí Àkọ́kọ́

Ẹni tó bá dé Kabba ní ilẹ̀ Okun yóò rí i pé òkè àti àpáta ló yí ìlú náà ká. Ní irú àyíká bẹ́ẹ̀, kò ṣòro fún ẹlẹ́tàn láti mú eyín dúdú kan jáde, kí ó ní eyín ẹranko afàyàfà ayé àtijọ́ tó ti di òkúta ni, pé ẹ̀gbẹ́ òkè ni òun ti hú u, owó díẹ̀ ni òun sì ń tà á. Ọ̀pọ̀ wa yóò kọ́kọ́ bèèrè bóyá owó náà kò kéré jù. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tó yẹ kó ṣáájú: irú ilẹ̀ wo ni wọ́n ti hú u?

Akọ òkúta ni àpáta Kabba. Inú ooru ńlá lábẹ́ ilẹ̀ ló ti dì, ọjọ́ orí rẹ̀ sì ju 500 mílíọ̀nù ọdún lọ, nígbà tí ẹranko afàyàfà kankan kò tíì sí láyé. Kò lè gbé eyín wọn mì. Ìgbà tí a bá dé agbègbè Lokoja ni a tó bá òkúta iyanrìn tí omi kó jọ ní nǹkan bí 70 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn. Nítorí náà, ẹni tó bá ní inú àpáta Kabba ni eyín òun ti wá ti tú ara rẹ̀ fó.

Èyí kò túmọ̀ sí pé Nàìjíríà kò ní tirẹ̀. Ní ọdún 1930, W. E. Swinton, onímọ̀ kan ní Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé ìlú Lọ́ńdọ̀nù, kọ̀wé nípa egungun ẹranko afàyàfà inú òkun tí wọ́n rí ní ilẹ̀ Sokoto, ó sì fi orúkọ Nàìjíríà pè é. Ní ọdún 1972, àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Ítálì fún un ní orúkọ tuntun, Goronyosaurus, láti ara orúkọ Goronyo ní Sokoto. Òkun ti bo apá ibẹ̀ rí. Ilẹ̀ àti egungun bá ara wọn mu.

Ẹ jẹ́ kí a padà sórí ọ̀rọ̀ owó. Owó pọ́ọ́kú nìkan kò sọ eyín di ayédèrú. Ní Khouribga ní ilẹ̀ Mòrókò, níbi tí wọ́n ti ń wa fọ́síféètì láti ọdún 1921, eyín ẹranko inú òkun àtijọ́ pọ̀ jọjọ. Ènìyàn ń pààrọ̀ eyín lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ẹranko afàyàfà ń pààrọ̀ tiwọn títí ọjọ́ ikú. Ìdí nìyí tí ojúlówó fi lè rọjú. Èyí tó yẹ kí a fura sí jù ni èyí tó lẹ́wà jù: eyín tí gbòǹgbò rẹ̀ pé pérépéré, tàbí ọ̀wọ́ eyín tó tò sínú àgbọ̀n kan. Àfọ́kù ni wọ́n sábà máa ń fi iyanrìn àti gọ́ọ̀mù so pọ̀.

Àyẹ̀wò rẹ̀ kò ju agbára wa lọ. Ẹ fi dígí tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá wò ó: bí ihò róbótó wẹ́wẹ́ bá wà lára rẹ̀, tàbí ìlà tí apá méjì ti pàdé, inú àdàmọ̀ ni wọ́n ti rọ ọ́. Ẹ fi abẹ́rẹ́ gbígbóná kan ibi tó fara sin. Bí ó bá rùn bí ike, ike ni. Bí ó bá rùn bí irun tó jóná, ó lè jẹ́ eyín ọ̀nì òde òní tí wọ́n pa láró. Eyín tó ti di òkúta ní tòótọ́ kì í rùn bẹ́ẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé òpè nìkan ni wọ́n ń tàn. Ní ọdún 1912, wọ́n kéde ní Lọ́ńdọ̀nù pé a ti rí egungun ènìyàn àkọ́kọ́ ní Piltdown, àwọn ọ̀gá Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé kan náà sì gbà á gbọ́. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ọdún 41 ni ti Piltdown gbà. Ní ọdún 1953, àṣírí tú pé àgbọ̀n ọ̀bọ ni, wọ́n sì ti fi ayùn rin eyín rẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ fa ìfura ni ìwọ̀n fúlórínì tí egungun náà ti fà mu nínú ilẹ̀: ó kéré jù fún ọjọ́ orí tí wọ́n pè é. Ilẹ̀ náà ni ẹlẹ́rìí.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará Okun àti gbogbo ọmọ káàárọ̀-oò-jíire, bí ẹ bá rà á, ẹ bèèrè ibi tó ti wá. Bí ẹ bá sì rí i fúnra yín ní etí odò tàbí nínú òkúta iyanrìn, ẹ kọ orúkọ ibẹ̀ àti ọjọ́ náà sílẹ̀ kí ẹ tó fọ̀ ọ́, kí ẹ sì fi han àwọn onímọ̀ nípa òkúta ní yunifásítì. Eyín tí a kò mọ ilẹ̀ rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ojúlówó, ti pàdánù ìdajì ìtàn rẹ̀.