Ìbọn Ìléwọ́ Nínú Ìdíje: Láti Ojú Ogun Dé Ojú Pápá

Bí a bá dárúkọ ìbọn, ohun tí ó kọ́kọ́ máa ń wá sí ọkàn ènìyàn ni ogun, ọdẹ àti olè. Èyí kò yani lẹ́nu, nítorí pé ohun tí a fi ń gba ẹ̀mí ni ìbọn láti ìṣẹ̀dálẹ̀ rẹ̀ wá. Ìbọn ìléwọ́, èyí tí àwọn ẹlòmíràn ń pè ní ìbọn pélébé, tilẹ̀ burú ju àwọn ìyókù lọ ní ojú ọ̀pọ̀ ènìyàn: ó kéré, ó ṣeé fi pamọ́ sábẹ́ aṣọ, ẹni tí a fẹ́ fi pa sì lè má rí i títí ẹ̀pa kò fi ní bóró mọ́. Síbẹ̀, ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí àwọn orílẹ̀-èdè ti ń fi irú ìbọn yìí bá ara wọn díje, tí a sì ń fi àmì-ẹ̀yẹ wúrà dá ẹni tí ó bá mókè lọ́lá. Báwo ni ohun ìjà ṣe di ohun eré? Kí sì ni ẹni tí ó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ eré náà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ní? Ìtàn fi hàn pé kì í ṣe ìbọn, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọta. Ìkóra-ẹni-níjàánu ni.

Ní ọdún 1896, nígbà tí wọ́n sọ Ìdíje Òlíḿpíìkì dọ̀tun ní ìlú Athens ní ilẹ̀ Gíríìsì, ìdíje ìbọn yínyìn márùn-ún ni ó wà nínú rẹ̀; ìbọn ìléwọ́ ni wọ́n fi ṣe mẹ́ta nínú wọn. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan láti Amẹ́ríkà, Sumner Paine àti John Paine, ni ó dá àrà níbẹ̀. Àwọn méjèèjì ti bá ara wọn ṣe àdéhùn pé ẹni tí ó bá gba ipò kìn-ín-ní nínú ìdíje wọn àkọ́kọ́ yóò yẹra fún èyí tí ó tẹ̀ lé e. John, tí í ṣe àbúrò, ni ó mókè. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe ìkejì. John kò dá àdéhùn náà. Nígbà tí ìdíje kejì dé, ó jókòó, Sumner sì gba ipò kìn-ín-ní. Láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni ó ti hàn pé ẹni tí ó mọ ìgbà tí kò yẹ kí òun yìnbọn wà lára àwọn tí ó mọ ìbọn í lò. Ní ọdún 1907, aṣojú ẹgbẹ́ ayìnbọn láti orílẹ̀-èdè mẹ́jọ péjọ ní ìlú Zürich ní ilẹ̀ Switzerland, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ àgbáyé sílẹ̀, kí òfin eré náà lè jẹ́ ọ̀kan náà níbi gbogbo.

Ẹ̀ka kejì ìtàn yìí wà lọ́dọ̀ ọta. Ní ayé ìbọn àtijọ́, olúkúlùkù ni ó ń kì ìbọn tirẹ̀. Ọdẹ tí ó ní ṣakabùlà mọ ohun tí a ń wí. Yóò da ẹ̀tù sí ẹnu ìbọn, yóò fi ọ̀pá gún un, yóò sì kó ọta lé e. Bí ẹ̀tù bá kéré jù, ẹran yóò sá lọ. Bí ó bá pọ̀ jù, ìbọn lè bẹ́ mọ́ ọdẹ lọ́wọ́. Ìwọ̀n ni ó ń dá ẹ̀mí ọdẹ sí.

Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, kátíríìjì onídẹ yí ọ̀ràn náà padà. Nínú ife idẹ kékeré kan ṣoṣo ni wọ́n kó ẹ̀tù, òjé àti ohun ìtanná pọ̀ sí, kí a lè máa ti ìdí kì ìbọn dípò ẹnu. Ilẹ̀ Yorùbá pàápàá mọ agbára àyípadà yìí lára. Nígbà Ogun Kírìjí, láti 1877 sí 1893, àwọn Èkìtìparapọ̀ rí irú ìbọn bẹ́ẹ̀ gbà láti ọwọ́ àwọn ènìyàn wọn tí ó wà ní Èkó, ojú àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn sì rí màbo. Ìró ìbọn ni wọ́n fi sọ ogun náà lórúkọ.

Ní ọdún 1866, Edward Boxer, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àti Hiram Berdan, ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, gbé ọ̀nà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ jáde tí iná yóò máa gbà dé ibi tí ẹ̀tù wà. Ihò kan ṣoṣo ni ti Boxer ní, ní àárín gbùngbùn ìdí ife náà. Nítorí náà, ó rọrùn láti fi irin tín-ín-rín ti ohun ìtanná tí ó ti jó jáde, kí a sì fi tuntun rọ́pò rẹ̀. Ti Berdan kò rọrùn bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó pani lẹ́rìn-ín níbẹ̀ ni pé ti ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ni ó gbilẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ti ọmọ Amẹ́ríkà sì ni ó gbilẹ̀ ní ilẹ̀ Yúróòpù. Èyí wà lára ohun tí ó mú kí kíkì kátíríìjì padà di iṣẹ́ ọwọ́ nínú ọ̀pọ̀ ilé ní Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1884, John Barlow bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe irinṣẹ́ rẹ̀ fún títà ní ìpínlẹ̀ Connecticut.

Ní ọdún 1884 yìí kan náà ni Paul Vieille, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ṣe ẹ̀tù tí èéfín rẹ̀ kò tó nǹkan, tí agbára rẹ̀ sì ju ti ẹ̀tù dúdú lọ fíìfíì. Ẹ̀tù tuntun yìí kò gba ìwàdùwàdù. Ẹni tí ó bá ṣèèṣì da ìwọ̀n ìlọ́po méjì sínú ife kan lè sọ ìbọn di àdó olóró ní ọwọ́ ara rẹ̀. Kí ni ìdí tí àwọn eléré fi wá ń ṣe é? Àkọ́kọ́, idẹ ni ó wọ́n jù nínú kátíríìjì, kò sì jóná. Ó ṣeé lò léraléra. Èkejì, ẹni tí ó bá fi sùúrù wọn ẹ̀tù rẹ̀ lè rí i pé ọta kan kò yàtọ̀ sí èkejì. Ṣùgbọ́n ọta kékeré tí wọ́n fi ń díje ní Òlíḿpíìkì kò ṣeé kì padà, nítorí pé etí ìdí rẹ̀ ni ohun ìtanná rẹ̀ wà. Nínú ìdíje ìbọn ńlá ni kíkì ọta padà ti wúlò, pàápàá nínú èyí tí àwọn tí ó péjọ ní ìlú Columbia, ní ìpínlẹ̀ Missouri, dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ fún ní ọdún 1976, tí wọ́n fi Jeff Cooper ṣe ààrẹ àkọ́kọ́. Àwọn yìí máa ń fi ìwọ̀n òjé àti eré sísá rẹ̀ ṣírò agbára ọta, nítorí náà ẹni tí kò bá mọ ìwọ̀n kò lè bá wọn pẹ́.

Ohun tí wọ́n ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní ọjọ́ àkọ́kọ́ kò ní ariwo nínú. Wọn a ní kí ó ka gbogbo ìbọn sí èyí tí a ti kì. Wọn a ní kí ó má ṣe kọ ẹnu ìbọn sí ohun tí kò fẹ́ bàjẹ́, kí ìka rẹ̀ má sì ṣe kan ibi tí a ń fà títí ojú rẹ̀ yóò fi dá àmì mọ̀. Lẹ́yìn èyí ni wọn yóò kọ́ ọ ní ìdúró, mímí, àti fífa ìbọn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá nínú eré yìí ni ó máa ń fi ìbọn òfìfo kọ́ṣẹ́ fún ọjọ́ pípẹ́, tí wọn kì yóò fi ọta kan ṣòfò.

Ẹni tí ìtàn rẹ̀ fi èyí hàn jù ni Károly Takács, ọmọ ilẹ̀ Hungary, tí wọ́n bí ní 1910. Ológun ni, ó sì mọ ìbọn ìléwọ́ í yìn dáadáa. Ṣùgbọ́n ní 1936 wọn kò jẹ́ kí ó lọ sí Òlíḿpíìkì, nítorí pé kò tíì di ọ̀gá nínú iṣẹ́ ológun. Ní 1938, àdó olóró tí a ń fi ọwọ́ jù bẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ ọ̀tún nígbà tí wọ́n ń kọ́ṣẹ́ ogun. Ọwọ́ tí ó fi ń yìnbọn nìyẹn. Yorùbá ní bí iwájú kò bá ṣeé lọ, ẹ̀yìn a ṣeé padà sí. Takács padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Ní ìkọ̀kọ̀ ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ òsì kọ́ ohun tí ọwọ́ ọ̀tún ti mọ̀. Nígbà tí yóò fi di 1939, ó ti wà nínú ẹgbẹ́ Hungary tí ó borí ní ìdíje àgbáyé. Ogun Àgbáyé Kejì fagi lé Òlíḿpíìkì 1940 àti ti 1944. Ní London ní 1948, nígbà tí ó ti di ẹni ọdún 38, ó fi ọwọ́ òsì gba àmì-ẹ̀yẹ wúrà pẹ̀lú máàkì 580 nínú 600, èyí tí ẹnikẹ́ni kò gbà rí ní àgbáyé. Ní Helsinki ní 1952, ó tún gba òmíràn. Bí ó bá ṣe pé inú ọwọ́ ni ọgbọ́n ìbọn wà ni, ọgbọ́n Takács ìbá ti bá ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ lọ.

Ní 2008, ní Beijing, ohun mìíràn ṣẹlẹ̀. Nino Salukvadze, ọmọbìnrin ilẹ̀ Georgia, àti Natalia Paderina, ọmọbìnrin ilẹ̀ Rọ́ṣíà, jọ dúró lórí pèpéle àwọn tí ó mókè nínú ìdíje ìbọn ìléwọ́ afatẹ́gùn-ṣiṣẹ́. Ní ọjọ́ náà gan-an, àwọn ọmọ ogun orílẹ̀-èdè wọn ń yìnbọn lu ara wọn. Níṣojú gbogbo ayé, àwọn obìnrin méjèèjì dì mọ́ra.

Ṣùgbọ́n ìdà olójú méjì ni ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọjọ́ 13, oṣù kẹta, ọdún 1996, ọkùnrin kan wọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní ìlú Dunblane ní Scotland, ó sì pa ọmọ mẹ́rìndínlógún àti olùkọ́ wọn. Ìbọn ìléwọ́ tí òfin fún un láṣẹ láti ní ni ó lò. Ní 1997, ìjọba ilẹ̀ náà fi òfin ka irú ìbọn bẹ́ẹ̀ léèwọ̀ fún ará ìlú. Àwọn ayìnbọn tí kò pa ẹnikẹ́ni rí ní láti máa rìnrìn àjò lọ sí òkè òkun kí wọ́n tó lè kọ́ṣẹ́. Àṣẹ àrà ọ̀tọ̀ ni ìjọba fi gba ìbọn láyè fún ìdíje tí ó wáyé ní Manchester ní 2002.

Àwọn kan sọ pé ìyà aláìṣẹ̀ ni wọ́n fi jẹ àwọn eléré wọ̀nyí. Àwọn mìíràn dáhùn pé kò sí àmì-ẹ̀yẹ tí ó tó ẹ̀mí ọmọ kan. Ó ṣòro láti pe ẹgbẹ́ kan ní òpùrọ́. Ohun tí ìtàn kọ́ni ni pé ìbọn kò yí padà láti 1896. Irin ni, ikú sì wà nínú rẹ̀. Àdéhùn tí John Paine kò dà, ìwọ̀n tí akìbọn ń wọ̀n, sùúrù Takács, ni ó sọ ọ́ di eré. Níbi tí ìkóra-ẹni-níjàánu bá ti tán, òfin ìlú ni yóò gbapò rẹ̀, òfin kì í sì í yan ẹni tí yóò mú. Kí àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ gbé e yẹ̀ wò: ta ni ó yẹ kí ó gba ìbọn lọ́wọ́ ènìyàn, ìlú ni àbí ọkàn rẹ̀?