Òṣómàáàló ní Ilé Aṣòfin: Ìtàn Joseph Ọdẹ́lẹ́yẹ Fádáhùnsi

Ọ̀rọ̀ wa dá lórí ọmọ Iléṣà kan tí ó ti ìdí òwò bọ́ sí ilé aṣòfin, tí ó sì ti ibẹ̀ dé ipò Gómìnà: Olóyè J. O. Fádáhùnsi.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo irú ènìyàn tí ó ti inú wọn jáde. Lẹ́yìn Ogun Kírìjì ni àwọn Ìjẹ̀ṣà gbé aṣọ lérí, tí wọ́n ń tà á láwìn káàkiri. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin sì dé Òṣogbo ní 1907, ọ̀nà ọjà túbọ̀ là. Bí ọjọ́ owó bá pé, tí onígbèsè ń wí àwáwí, Ìjẹ̀ṣà a ní òun kò ní jókòó; ìlóṣòó ni òun yóò wà títí owó òun yóò fi pé. Ìdí nìyí tí a fi ń pè wọ́n ní òṣómàáàló.

1901 ni a bí Fádáhùnsi. Ó kàwé ní Wesley College, Ìbàdàn, ó ṣe olùkọ́, kí ó tó di oníṣòwò. Ó wà lára àwọn tí ó dá Ijesha United Trading and Transport Company sílẹ̀.

Ní 1951, àwọn Ìjẹ̀ṣà fi ìbò rán an lọ sí Ilé Aṣòfin Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ ẹgbẹ́ NCNC. Action Group ti Olóyè Awólọ́wọ̀ ni ó gba ìjọba. Àwọn kan bọ́ sí ìhà ìjọba. Fádáhùnsi dúró pẹ̀lú àwọn alátakò. Ẹni tí ó ti mọ ìlóṣòó, ìdúró kì í tètè sú u.

Ní 1962, Gómìnà Adésọjí Adérẹ̀mí, Ọọ̀ni Ifẹ̀, yọ Akíntọ́lá kúrò nípò Olórí Ìjọba. Ìjà bẹ́ sílẹ̀ nílé aṣòfin, ìjọba àpapọ̀ sì kéde òfin pàjáwìrì. Nígbà tí ìyẹn parí ní January 1963, NCNC bá ẹgbẹ́ Akíntọ́lá da ọwọ́ pọ̀, Fádáhùnsi sì di Gómìnà. Kò pẹ́ tí wọ́n fi tún òfin ṣe, kí Gómìnà má baà lè dá yọ Olórí Ìjọba mọ́. Adé wà lórí rẹ̀, idà kò sí lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní 1964, àjọṣe náà tú ká. NCNC wọ inú UPGA láti bá Akíntọ́lá jà. Nínú ìdìbò October 1965, ará ìlú pariwo pé wọ́n jí ìbò àwọn. Síbẹ̀ Akíntọ́lá tún padà sípò. Iná “wẹ́tìẹ̀” bá ràn. Ní 15 January 1966, àwọn ológun pa Akíntọ́lá. Fajuyi sì gba àga Fádáhùnsi, ẹni tí ó papò dà ní 1986.

Ẹ̀kọ́ kí ni èyí kọ́ wa? Ìbò jẹ́ ọjà tí ará ìlú tà láwìn fún olóṣèlú. Ní 1965, ará ìlú gan-an ni ó lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ìjọba. Ọmọ òṣómàáàló sì jókòó nínú ilé onígbèsè, kò ní kọ́kọ́rọ́ àpótí lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kí a máa bi ẹni tí a bá fi joyè léèrè pé: agbára wo ni wọ́n fún ọ?