Ta Ni Wọ́n Bi? Bí Wọ́n Ṣe Ń Wọn Ìjọba Orí Íntánẹ́ẹ̀tì Nílẹ̀ Lárúbáwá

Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìjọba orí íntánẹ́ẹ̀tì rí. Agbára káká la fi máa rí orílẹ̀-èdè tí kò ní ojú òpó lónìí, àmọ́ èwo ló ń ṣiṣẹ́ fún ará ìlú? Ẹ jẹ́ ká wo bí wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n nílẹ̀ Lárúbáwá.

Láti ọdún 2001 ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti ń wọ̀n ọ́n káàkiri ayé. Ọdún yẹn náà ni Dubai gbé iṣẹ́ ìjọba rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Saudi Arabia dá ètò Yesser tirẹ̀ sílẹ̀ ní 2005. Ohun mẹ́ta ni àjọ náà ń wò: iṣẹ́ tí ìjọba gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì, bí fóònù àti íntánẹ́ẹ̀tì ṣe kárí ìlú tó, àti bí àwọn èèyàn ṣe kàwé tó. Ó dáa, àbí? Ṣùgbọ́n ìṣirò yìí kò bi ará ìlú pé, "Ṣé ẹ ti lò ó rí? Ṣé ó tẹ́ yín lọ́rùn?"

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. ESCWA, ẹ̀ka àjọ náà tó fi Beirut ṣe ibùjókòó, wá ṣe òṣùwọ̀n mìíràn fún àwọn orílẹ̀-èdè Lárúbáwá. GEMS lorúkọ rẹ̀. Kì í wò ó bóyá iṣẹ́ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì àti fóònù nìkan. Ó tún ń wò ó bóyá àwọn èèyàn ń lò ó, bóyá ó tẹ́ wọn lọ́rùn, àti bóyá ìjọba polongo rẹ̀ dé etí wọn.

Ìka ò sì dọ́gba. Nínú ìṣirò àgbáyé, ipò 31 ni Saudi Arabia wà ní 2022. Ní 2024, ó ti fò dé ipò 6. Ní oṣù Kejì ọdún 2024 yẹn kan náà, ogun pa íntánẹ́ẹ̀tì ní apá tó pọ̀ jù ní Sudan. Àwọn tó ń retí owó látọ̀dọ̀ ẹbí wọn lórí fóònù ò rí i gbà. Tí a bá ro àwọn méjèèjì pọ̀, tí a pín in sí méjì, iye tí a máa rí kò ní jọ ìkankan nínú wọn.

Nítorí náà, tí ìjọba kan bá ń yangàn pé ipò òun ti gòkè, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ béèrè: ta ni wọ́n bi?