Gíláàsì Tí Wọ́n Ní Kò Ní Fọ́n Ká

Gíláàsì iwájú mọ́tò ni mo fẹ́ kí á jọ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí.

Àwọn mọ́tò àkọ́kọ́ kò tilẹ̀ ní in. Awò ni awakọ̀ máa ń fi bojú nítorí eruku. Nígbà tí wọ́n wá fi gíláàsì síwájú, gíláàsì fèrèsé lásán ni. Bí mọ́tò bá forí sọ nǹkan, á fọ́ yángá, á sì gé èèyàn lójú lọ́rùn.

Ará Faransé kan, Édouard Bénédictus, ló wá ojútùú sí i. Wọ́n ní ìgò kan já bọ́ níbi iṣẹ́ rẹ̀ ní 1903, ó sán, ṣùgbọ́n kò fọ́n ká. Cellulose nitrate tó ti gbẹ mọ́ inú ìgò náà ló di àwọn àfọ́kù mú. Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ gíláàsì méjì pọ̀ nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ibi tí ìtàn yìí ti wọ̀ mí lára jù ni ilé ẹjọ́.

Ní May 1930, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Baxter ra Ford Model A ní ìpínlẹ̀ Washington, ní Amẹ́ríkà. Ìwé ìpolówó Ford ti ní gíláàsì iwájú rẹ̀ kò ní fọ́n ká, bó ti wù kí nǹkan gbá a tó. Ní October, bó ṣe ń wakọ̀ gba Snoqualmie Pass, òkúta wẹ́wẹ́ kan ta láti ara mọ́tò tó ń kọjá, ó ba gíláàsì náà. Àfọ́kù wọ ojú rẹ̀. Ojú òsì fọ́ pátápátá.

Ó pẹjọ́. Láyé ìgbà náà, ẹni tó tajà fún ọ lo lè mú, ọ̀dọ̀ alágbàtà sì ni Baxter ti ra mọ́tò rẹ̀. Ilé ẹjọ́ àkọ́kọ́ kò tilẹ̀ gba ìwé ìpolówó náà wọlé. Ní 1932, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ìpínlẹ̀ náà yí i padà. Wọ́n ní oníbàárà kò lè fojú lásán mọ irú gíláàsì bẹ́ẹ̀. Àbí ta ni yóò sọ òkò lu mọ́tò tuntun kó tó sanwó? Ẹni tó ṣe é, tó sì fẹnu ara rẹ̀ yìn ín fáráyé, ni kó wá dáhùn.

Wọ́n tún ẹjọ́ gbọ́. Lọ́tẹ̀ yìí, Ford fẹ́ mú onímọ̀ wá sọ pé kò sí gíláàsì mọ́tò tó dára ju tiwọn lọ. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òótọ́ o! Ilé ẹjọ́ ní ìyẹn kọ́ ni ìbéèrè. Ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé ni. Ní 1934, Baxter jàre.