Quadrupes: Ọ̀rọ̀ Látìnì fún Ẹran Ẹlẹ́sẹ̀ Mẹ́rin

Quadrupes ni ọ̀rọ̀ àkànpọ̀ tí àwọn ará Róòmù àtijọ́ fi ń pe ẹran ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin. Èdè Faransé, tí wọ́n ń lò láti Àjàṣẹ́ títí dé Douala ní Kamẹrúùnù, jogún rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí quadrupède.

Ìhun rẹ̀

Apá méjì ni ó ní. Quadru- ni ìrísí tí quattuor, “mẹ́rin”, ń ní nínú àkànpọ̀. Pes sì ni “ẹsẹ̀”, tí ó ń di ped- nínú quadrupedis, “ti ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin”. Kì í ṣe iye tàbí ẹsẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà ń tọ́ka sí, bí kò ṣe ohun tí ó ní ẹsẹ̀ náà. Látìnì kò fi àmì kankan hàn fún ìní yìí. Yorùbá fi í hàn: àfòmọ́ oní- pàdé ẹsẹ̀, ó di ẹlẹ́sẹ̀, iye sì tẹ̀lé e. Ọ̀rọ̀ àpèjúwe ni quadrupes ní ìpilẹ̀ṣẹ̀. Nítorí náà, ó lè jẹ́ akọ bí akéwì bá fi í pe ẹṣin, ó ń jẹ́ abo bí ó bá bá pecus, “ẹran ọ̀sìn”, rìn, a sì ń rí quadrupedia, tí kì í ṣe akọ tàbí abo, fún ọ̀pọ̀.

Ìtumọ̀ rẹ̀ nínú òfin

Òfin Lex Aquilia, ti nǹkan bí ọdún 287 ṣáájú ìbí Kristi, sọ pé ẹni tí ó bá pa ẹrú ẹlòmíràn, tàbí ẹran ọ̀sìn rẹ̀ tí ó jẹ́ quadrupes, láìtọ́, yóò san iye tí ó ga jù lọ tí ẹni tàbí ẹran náà tó láàárín ọdún náà. Ní ọ̀rúndún kejì lẹ́yìn ìbí Kristi, amòfin Gaius ṣàlàyé rẹ̀: àgùntàn, ewúrẹ́, màlúù, ẹṣin, ìbaaka àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ wà nínú rẹ̀. Wọ́n jiyàn lórí ẹlẹ́dẹ̀, wọ́n sì gbà á wọlé. Ajá kò sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kìnnìún kò sí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹsẹ̀ mẹ́rin ni wọ́n ní. Erin àti ràkúnmí wọlé nítorí pé wọ́n ń ru ẹrù. Gaius sọ ọ́ gbangba pé òfin náà mú irú ẹran bẹ́ẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú ẹrú. Ohun ìní ni òfin ń kà, kì í ṣe ẹsẹ̀.

Ní ilẹ̀ Yorùbá

Irú ìṣirò yìí wà nínú òwò ẹrú níhìn-ín pẹ̀lú. Nígbà tí wọ́n kó Samuel Ajayi Crowther lẹ́rú ní Òṣoògùn ní 1821, ẹṣin ni wọ́n fi ṣe pàṣípààrọ̀ rẹ̀ ní Ìsẹ́yìn. Òun náà ni ó wá ṣe aṣáájú ìtumọ̀ Bíbélì Yorùbá, tí ó parí ní 1884. Nínú Ìṣe àwọn Aposteli orí 10, níbi tí Bíbélì Látìnì ti lo quadrupedia, “ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin” ni ti Yorùbá lò; ẹran nìkan ni ọ̀rọ̀ náà sì ń tọ́ka sí níbẹ̀.