dà (ẹ̀jẹ̀)

Ọ̀rọ̀-ìṣe. Kí ẹ̀jẹ̀ máa tú jáde lọ́pọ̀ láti inú iṣan tí ó gé tàbí tí ó bẹ́. Ọ̀rọ̀-orúkọ: ẹ̀jẹ̀ dídà.

Àpẹẹrẹ: Bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń dà lára aláìsàn náà lẹ́nu iṣẹ́ abẹ, dókítà tí ó fún un ní oògùn akunnilóorun ní kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ tí a ti mú lọ́ wọ́ọ́rọ́ sí i lára, nítorí bí ara bá tutù, ẹ̀jẹ̀ kì í tètè dì.

Ìlò:
1. “Ẹ̀jẹ̀ náà ti dà” ni pé ó ti tú jáde. “Ẹ̀jẹ̀ náà ti dá” ni pé ó ti dáwọ́ dúró, bí òjò ṣe ń dá. Láìsí àmì ohùn, ẹni tí ó ń ka àkọsílẹ̀ aláìsàn kò ní mọ̀ bóyá ewu ti kọjá. Níbi tí àmì kò bá ti ṣeé fi sí i, “ti dúró” ni kí atúmọ̀-èdè lò dípò “ti dá”.
2. Ẹ̀jẹ̀ àgbàlagbà jẹ́ nǹkan bíi lítà 5. Bí ìdajì rẹ̀ bá dà láàárín wákàtí 3, àwọn oníṣègùn a kà á sí ẹ̀jẹ̀ dídà rẹpẹtẹ.
3. “Ìtàjẹ̀sílẹ̀” jẹ mọ́ ìpànìyàn. Kò yẹ nínú ìwé tí ẹbí ń fọwọ́ sí ṣáájú iṣẹ́ abẹ.

Tún wo: dá, dì, ṣàn.