Bọ́ọ̀lù Sátidé, Sinimá Sọ́ńdè

Aago méje àárọ̀ Sátidé tó kọjá kò tíì lù tí a ti wà lórí pápá. Pápá tí à ń wí yìí, ẹ má rò pé irú èyí tó wà ní Surulere ni o. Ilẹ̀ gbalasa lásán ni, lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ládùúgbò wa ní Èkó, tí koríko rẹ̀ ti kú tipẹ́. Mọ́ńkí pósì ni à ń gbá níbẹ̀. Kò sí aṣọ́lé, kò sí rẹfirí. Ẹni tí ohùn rẹ̀ bá lọ sókè jù ni rẹfirí. Bí wọ́n bá gbá gúùlù méjì wọlé yín, ẹ jáde, kí sẹ́ẹ̀tì mìíràn wọlé.

Táyà ògbólógbòó méjì ni a fi ń ṣe ojúlé lápá kan. Lápá kejì, bùlọ́ọ̀kù méjì ni a máa ń lò tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ní Sátidé yìí, a bá òkúta bíkónì méjì tí ẹnì kan ti rì mọ́lẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀, tí wọ́n kọ lẹ́tà àti nọ́ńbà sí lórí. A wò ó, a wo ara wa. Ọ̀kan nínú wa ní, "Wọ́n kúkú ti bá wa ri pósì." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, a sì bẹ̀rẹ̀ eré. Ọmọ iṣẹ́ télọ̀ kan ló gbá gúùlù méjèèjì tó lé sẹ́ẹ̀tì wa jáde. Olùkọ́ kan àti òṣìṣẹ́ báńkì kan wà nínú àwa tó lé. Lórí pápá yẹn, kò sẹ́ni tó ń béèrè iṣẹ́ tí èèyàn ń ṣe.

Nígbà tó di ọ̀sán Sọ́ńdè, a gba ilé sinimá lọ. Bí a ṣe ní "a" yìí, àwa kan ṣoṣo ni o! Ọmọbìnrin tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì wò wá, ó ní, "Ẹ̀yin nìkan ni, sà?" A ní bẹ́ẹ̀ ni. A ra gúgúrú, a jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, iná sì kú. Inú òkùnkùn yẹn ni ìbéèrè kan ti sọ sí wa lọ́kàn: báwo ni nǹkan méjì yìí ṣe di ìgbádùn òpin ọ̀sẹ̀ wa?

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí òpin ọ̀sẹ̀ fúnra rẹ̀, nítorí àlejò ni òun náà. Ọjọ́ ọjà ni àwọn baba ńlá wa fi ń ka ọ̀sẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin ni ọ̀sẹ̀ tiwọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé márùn-ún ni wọ́n ń kà á, torí wọ́n ń ka ọjọ́ tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn. Kì í ṣe pé wọn kì í ṣeré. Ayò wà lábẹ́ igi nírọ̀lẹ́, ìjàkadì wà, àwọn alárìnjó sì ń ti ìlú dé ìlú, tí èrò á pagbo yí wọn ká. Ẹ̀sìn Ìmàle àti Ìgbàgbọ́ ló kó ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ méje wá. Iṣẹ́ ọba àti rélùwéè ló wá sọ Sátidé di ọjọ́ tí akọ̀wé ń tètè ṣíwọ́, tí ọwọ́ rẹ̀ á dilẹ̀, tí owó díẹ̀ á sì wà lápò rẹ̀.

Àkókò yẹn náà ni sinimá àti bọ́ọ̀lù dé, ọ̀kan tẹ̀lé èkejì gbọ̀ọ̀rọ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1903, wọ́n fi àwòrán tó ń rìn han àwọn ará Èkó ní gbọ̀ngàn Glover Memorial Hall. Ilé iṣẹ́ Balboa, láti ilẹ̀ Spéènì, ló gbé e wá, Herbert Macaulay sì wà lára àwọn tó jẹ́ kó ṣeé ṣe. Kò tíì pé ọdún kan lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 15 oṣù kẹfà ọdún 1904, àwọn ọmọ ilé ìwé Hope Waddell ní Kàlàbá gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú àwọn atukọ̀ ojú omi ọba, àwọn ará HMS Thistle. Ìyẹn ni ìdíje àkọ́kọ́ tí àkọsílẹ̀ rẹ̀ wà nílẹ̀ wa. Àwọn ọmọ ilé ìwé ló borí, 3 sí 2. Àbí ẹ ò rí nǹkan? Ẹni tó kó eré wá ni ọmọ onílé kọ́kọ́ nà.

Bọ́ọ̀lù wá ràn bí iná ọyẹ́. Ní Èkó, pápá King George V ní Oníkàn ni ojú ọjà rẹ̀. Ẹ wo orúkọ àwọn ẹgbẹ́ tó ń gbá a níbẹ̀: Marine, Railway, UAC. Orúkọ ibi iṣẹ́ ni gbogbo rẹ̀. Àwọn akọ̀wé àti òṣìṣẹ́ rélùwéè ló ń ṣíwọ́, tí wọ́n ń pàrọ̀ aṣọ, tí wọ́n ń wọ pápá. Nnamdi Azikiwe dá ẹgbẹ́ tirẹ̀, Zik's Athletic Club, sílẹ̀ ní 1938. Nígbà tí ìdíje Ife Gómìnà bẹ̀rẹ̀ ní 1945, Marine ló kọ́kọ́ gbà á. Kò sẹ́ni tó ń fi bọ́ọ̀lù jẹun nínú wọn.

Ìtàn tó dùn mọ́ wa jù níbẹ̀ ni ti ọdún 1949. Ní oṣù kẹjọ ọdún yẹn, ọkọ̀ ojú omi gbé agbábọ́ọ̀lù 18 láti Èkó lọ sí ìlú ọba. Etim Henshaw ni balógun wọn. Tesilimi Balogun náà wà níbẹ̀, ẹni tí wọ́n ń pè ní Thunder, torí pé bí ààrá ni bọ́ọ̀lù ń ró lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò wọ bàtà. Ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n fi ń gbá a, àwọn mìíràn á kàn fi báńdéèjì wé ọrùn ẹsẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ tí kì í gbowó bíi tiwọn náà ni wọ́n bá pàdé lọ́hùn-ún. Wọ́n na àwọn ará Crosby, nítòsí Liverpool, ní 5 sí 2 nínú ìdíje àkọ́kọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, èyí tí wọ́n pàdánù ju èyí tí wọ́n borí lọ. Àmọ́ nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀, wọ́n yà ní Freetown, wọ́n sì na Sàró ní 2 sí òdo ní ọjọ́ 8 oṣù kẹwàá. Ìdíje àkọ́kọ́ orílẹ̀-èdè wa pẹ̀lú orílẹ̀-èdè mìíràn nìyẹn. Ẹ gbọ́ ná: ikọ̀ tí gbogbo ayé wá mọ̀ sí Super Eagles, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù lẹ́yìn iṣẹ́ ló ti ṣẹ̀. Tesilimi fúnra rẹ̀ padà lọ sí Peterborough United ní 1955, ó sì lọ gbá fún Queens Park Rangers. Orúkọ rẹ̀ ló wà lára pápá ìṣeré ìjọba tó wà ní Surulere lónìí.

Sinimá náà kò sùn ní tirẹ̀. Ìjọba amúnisìn ń fi mọ́tò gbé e kiri àwọn ìlú kéékèèké, wọ́n á ta aṣọ funfun, wọ́n á fi han aráyé bí wọ́n ṣe ń tọ́jú kòkó àti bí wọ́n ṣe ń dènà àìsàn. Nínú àwọn ìlú ńlá, ilé sinimá yọ lọ́tùn-ún lósì. Fíìmù Amẹ́ríkà tó kún fún àwọn ẹlẹ́ṣin oníbọn, fíìmù Íńdíà tó kún fún orin, àti ti Hong Kong tó kún fún ẹ̀ṣẹ́, gbogbo rẹ̀ ni àwọn òbí wa wò.

Nígbà tó yá, a bẹ̀rẹ̀ sí í rí ara wa. Ní 1976, Ola Balogun darí *Ajani Ogun*, Adeyemi Afolayan tí gbogbo ayé mọ̀ sí Ade Love sì ni òṣèré àgbà inú rẹ̀. Hubert Ogunde gbé *Aiye* jáde ní 1979. Moses Olaiya, Baba Sala wa, gbé *Orun Mooru* jáde ní 1982. Tí ọdún bá dé, Iléyá tàbí Kérésì, èrò á kún Tíátà Àpapọ̀ ní Igànmú fọ́fọ́. Bí àwọn alárìnjó ṣe ń gba ìdáhùn láti inú agbo náà ni àwọn èèyàn ṣe ń dá àwòrán lóhùn: wọ́n á kìlọ̀ fún olóòótọ́, wọ́n á ṣépè fún àjẹ́.

Kí ló wá dé? Àwọn olè ṣe ayédèrú *Orun Mooru* sórí fídíò, Baba Sala sì jẹ gbèsè ńlá. Náírà já wálẹ̀, fíìmù di ọ̀wọ́n gógó láti ṣe. Ẹ̀rù olè kò jẹ́ kí èèyàn fẹ́ jáde lálẹ́ mọ́. Fídíò wọlé, a bá ń wo eré nínú pálọ̀. Àwọn ilé sinimá ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan: òmíràn di ṣọ́ọ̀ṣì, òmíràn di ilé ìkẹ́rùsí. Ẹ lọ sí Agége lónìí, ẹ ó gbọ́ kọ́ńdọ́ tó ń pariwo, "Pẹ́ẹ̀n Sínímà, wọlé!" Ibùdókọ̀ wà níbẹ̀, afárá tuntun wà níbẹ̀. Ilé sinimá tó ni orúkọ náà ńkọ́? Orúkọ nìkan ló kù.

Lóòótọ́, sinimá ti padà. Silverbird ṣí tirẹ̀ ní Victoria Island ní 2004. Kunle Afolayan, ọmọ Ade Love, gbé *The Figurine* wá ní 2009. Nígbà tí *A Tribe Called Judah* ti Funke Akindele jáde ní òpin ọdún 2023, ó pa ju bílíọ̀nù kan náírà lọ, fíìmù ilẹ̀ wa àkọ́kọ́ tó ṣe bẹ́ẹ̀ nílé sinimá wa. Inú wa dùn sí i. Ṣùgbọ́n inú ilé ìtajà ńláńlá ni sinimá padà sí, kì í ṣe Agége àtijọ́. Ọmọ iṣẹ́ télọ̀ tó lé wa jáde ní Sátidé, owó tíkẹ́ẹ̀tì àti owó ọkọ̀ lè jẹ ohun tó ń rí lọ́sẹ̀ kan tán.

A padà sínú òkùnkùn ọjọ́ Sọ́ńdè yẹn. Láàárín eré, wọ́n bu ọtí fún ọkọ ìyàwó. Ìyá àgbàlagbà kan lẹ́yìn wa kò lè mú un mọ́ra, ó pariwo, "Má mu ún o, ọmọ mi! Májèlé ni!" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín, àwa náà sì rẹ́rìn-ín. Àfi bí ẹni pé a ti ń bọ̀ pẹ̀lú wọn látilé. Ìgbà yẹn ló yé wa pé èèyàn lè dá lọ, kó má dá nìkan wà, bí ibi tí a ti ń pàdé bá ṣáà wà.

Bí ibẹ̀ bá wà. Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ gan-an nìyẹn. Àwọn tó gbá bọ́ọ̀lù ní 1949 kò ní bàtà, ṣùgbọ́n wọ́n ní pápá. Kò sẹ́ni tó jí ìfẹ́ sinimá lọ lọ́kàn àwọn ará Agége. Ilé tí wọ́n ti ń wò ó ni wọ́n pàdánù. Ìfẹ́ eré kì í tán nínú èèyàn, àmọ́ ilẹ̀ máa ń tán.

Nítorí náà, ní alẹ́ Sọ́ńdè, a ya fótò òkúta bíkónì méjèèjì sójú ìwé àwọn tí ń gbá bọ́ọ̀lù wa lórí WhatsApp. A béèrè pé ta ló mọ ẹni tó rì í. Olùkọ́ tó wà nínú wa ní òun yóò bá ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ sọ̀rọ̀. Òṣìṣẹ́ báńkì ní ìpàdé àwọn onílé àdúgbò ń bọ̀, òun yóò lọ. Ọmọ iṣẹ́ télọ̀ kò sọ̀rọ̀ púpọ̀, ó kàn kọ ọ́ pé, "Sátidé tó ń bọ̀ ńkọ́?"

A dá a lóhùn pé aago méje. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí náà, bí pápá kan bá ṣẹ́ kù ládùúgbò yín, ẹ tètè lọ gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀, kẹ́ ẹ sì béèrè ẹni tó ni ín, kó tó di ohun tí kọ́ńdọ́ nìkan ń pe orúkọ rẹ̀.